Òfin Ìkẹyìn Ọkọ̀ Àlọbọ̀

Ajé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, 1991

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí láti ojú fèrèsé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán:

Ajá mẹ́ta, wọ́n nà gbalaja sáàárín ọ̀nà. Kò sí mọ́tò tó máa lé wọn.

Bàtà rọ́bà kan, ti ẹsẹ̀ òsì, aláwọ̀ búlúù, nínú gọ́tà.

Ìsọ̀ mọ́kànlá, àgádágodo mọ́kànlá.

Ìyá Rita ń wọ́n omi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí ẹni pé oníbàárà ń bọ̀.

Lápá Bassa, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà, kò sí èéfín. Ojú sánmà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Aminullah lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé a máa ṣeré lónìí.

Ville morte ni. Láti Ajé títí dé Jímọ̀, àwọn tó ń bá ìjọba fa wàhálà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìsọ̀, kí mọ́tò má rìn. Àbámẹ́ta àti Àìkú nìkan la fi ń mí. Baba kì í dá sí i. Àlejò kì í dá sí ìjà onílé, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Àmọ́ ó ti ìsọ̀ tirẹ̀ náà. Àwo tánganran àti àtùpà rẹ̀ wà nínú òkùnkùn ní ọjà Ndogbong ní Douala níbí, ọjọ́ márùn-ún nínú méje.

Kí Ọlọ́run má bínú sí mi: mo fẹ́ràn ọjọ́ márùn-ún yẹn. Nítorí eré.

Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò tíì kọ eré náà sílẹ̀ rí. Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀gbọ́n mi — Atukọ̀ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — ra ìwé Faransé kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà. Kò ní èèpo, kò ní ìwájú, ojú ewé ìkẹyìn ti ya, òjò ti mu ún. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni pé èèyàn mélòó kan lè jókòó yí tábìlì ká, kí ẹnì kan máa sọ ìtàn, kí àwọn yòókù máa wí ohun tí àwọn ń ṣe nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ibi tí yóò já sí. Ìyókù, Atukọ̀ ló fi orí ara rẹ̀ gbé e dìde.

Ìtàn wa: ọjọ́ iwájú. Douala ti ṣófo. Gbogbo èèyàn ti wọkọ̀ lọ sójú sánmà, wọ́n tẹ ìlú dó sórí ìràwọ̀, wọ́n fi orúkọ àdúgbò wa sọ wọ́n. Ndogbong Kejì, tí ọjà ibẹ̀ kì í tì. Bassa Eléèéfín, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pọn afẹ́fẹ́. Yassa Òkè, ibùdó ìkẹyìn kí òkùnkùn tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tiwa ń jẹ́ Àlọbọ̀. Àwa nìkan là ń padà sílé. Ọdún mẹ́rin la ti ń padà.

Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ lúùdò la ń dà láti mọ̀ bóyá ewu mú wa tàbí a kọjá. Baba bá wa níbẹ̀. Ó ní tẹ́tẹ́ ni, a kì í ṣe é nílé mùsùlùmí. Ó kó ọmọ lúùdò méjèèjì, ó sọ wọ́n sí ṣáláńgá. Atukọ̀ ò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ló dé pẹ̀lú ìka. Bí ewu bá yọ, òun àti ẹni tí ewu kọjú sí á jọ na ìka lẹ́ẹ̀kan náà, oókan sí márùn-ún. Bí iye rẹ̀ bá bára mu, ewu mú ẹ. Bí kò bá bára mu, o kọjá. Baba wò ó títí, kò rí nǹkan tó máa sọ sí ṣáláńgá.

Lẹ́yìn náà, ìrántí. Kálukú kọ ìrántí tòótọ́ márùn-ún sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Bí ewu bá mú ẹ, o lè sọ ọ̀kan fún tábìlì, kí o fagi lé e, kí o sì yè. Àmọ́ o ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Bí márùn-ún bá tán tí ewu tún mú ẹ, o ti di ará òfuurufú. O ò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Lónìí, àwa mẹ́rin. Atukọ̀ ń sọ ìtàn. Èmi ni olùṣirò ọkọ̀. Sakinah àbúrò wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ọ̀gá ọkọ̀ — òun ló fi ara rẹ̀ jẹ oyè náà. (Ìbéèrè ni mo ń pè é níbí. Ẹni tó bá bá a gbé á mọ ìdí.) Rita ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ẹ̀yà Bamiléké, ilé kejì, ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́, ìdí tábìlì yìí ló ti gbọ́ ọ.

Òkúta ńlá kan ń bọ̀ wá pàdé wa. Ó kan èmi àti Atukọ̀. Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: Atukọ̀ kì í na márùn-ún. Oókan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin — márùn-ún, rárá. Mo ti ṣọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin. Nítorí náà márùn-ún ni ibi ìsádi mi. Mo na ọwọ́ mi síwájú pẹrẹsẹ, ìka márùn-ún yà gbàgà, tagbára-tagbára.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ṣí. Àlàájì Ọlárìndé, ọ̀rẹ́ Baba, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ó dúró síwájú ọwọ́ mi gan-an.

Wàká. Ìka márùn-ún yíyà sójú àgbàlagbà. Èébú ìyá. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n?

"Ta lo nà án sí?" ni ó ní. "Èmi? Èmi tí mo jókòó níbi ìsọmọlórúkọ rẹ?"

Ìbéèrè ló dá a lóhùn: "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Òkúta ló ń bọ̀."

"Èmi ni òkúta?"

Rita rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kúnlẹ̀ bẹ Àlàájì lánàá, mo tún kúnlẹ̀ lónìí. Ó ní òun ti gbọ́. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó ń bá Baba sọ nínú iyàrá: pé Kamẹrúùnù ti ba àwọn ọmọ yìí jẹ́, wọn ò mọ ilé, wọn ò mọ èèwọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá délé, ilé ò ní mọ̀ wọ́n.

Baba ò fèsì. Nígbà tí Baba ò bá fèsì, nǹkan ti parí.

Ìrọ̀lẹ́. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní Aminullah á bá Àlàájì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Àbámẹ́ta, nígbà tí mọ́tò bá ń rìn. Kó lọ mọ ilé. Kó lọ wá nǹkan ṣe. Títí di ìgbà wo? Ó ní, "Baba yín ti sọ̀rọ̀."

Mi ò béèrè bóyá nítorí ọwọ́ mi ni. Kí ni mo fẹ́ béèrè?

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Douala ni wọ́n bí wa sí. Kò sí ẹni tó rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí nínú wa. Ilé ni à ń pè é.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ohun tí mo rò láàárọ̀: gbogbo òfin eré wà lórí Atukọ̀. Bó bá lọ, ọkọ̀ Àlọbọ̀ á dúró sínú òkùnkùn pẹ̀lú àwa mẹ́ta nínú rẹ̀, a ò ní mọ ohun tó kàn. Èmi ni mo lé e lọ. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, èyí tó ṣẹ́kù. Mo fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jókòó tì í lórí odó rẹ̀. Mo ní, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa sọ, màá máa kọ.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ àti ìlà."

Àmọ́ ó sọ. Ó sọ bí ẹni tó ń ṣí àpótí. Ìdí tí Bassa Eléèéfín fi ń ta afẹ́fẹ́ nínú ìgò. Ohun tí wọ́n ń jẹ lórí Yassa Òkè (mìyọ̀ndó, ẹ̀gẹ́ gígún tí wọ́n fi ewé dì, nítorí pé kì í tètè bàjẹ́ nínú ewé rẹ̀). Bí ọkọ̀ ṣe ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ṣírò ti ìka fún un: ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìka ẹni méjì lè gbà pàdé, márùn-ún nínú rẹ̀ ló bára mu. Ewu kékeré nìyẹn. Fún ewu ńlá, ká ní bí ìka bá fi oókan ju ara wọn lọ, ewu mú ẹ náà: mẹ́tàlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó wò mí. Ó ní òun ti ń sọ ìtàn yìí láti ọdún mẹ́rin, òun ò mọ̀ pé ó ní ìṣirò nínú.

Òfin kẹta, báírò pupa ni mo fi kọ ọ́: Orí tábìlì ni ọwọ́ á wà, àtẹ́lẹwọ́ á dojú kọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sókè.

Mo wá bi í léèrè pé kí ló dé tí kì í na márùn-ún. Ojú rẹ̀ là. "O mọ̀? Láti ìgbà wo?" Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun na márùn-ún sí ọmọ kan ní ilé kéwú, Màmá fi ṣíbí ìrokà gbá òun lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ìka karùn-ún kì í tètè jáde.

Ó mọ ohun tí mò ń rò. Ó ní, "Nùsí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ó yára sọ ọ́ jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Òjò. Atukọ̀ fún Rita ní gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àfi ọ̀kan tó fẹ́ mú lọ.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá

Baba àti Atukọ̀ dé láti mọ́sálásí. Mo ti ń dúró de Atukọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló kù. Láti ọdún mẹ́rin, bí Ìbéèrè bá béèrè pé báwo la ṣe ń délé, Atukọ̀ á ní òfin ìkẹyìn nìyẹn, kò tíì tó àkókò. Mo ṣí ojú ewé mọ́kànlélógún. Mo kọ àkọlé rẹ̀ sílẹ̀: BÍ A ṢE Ń DÉLÉ. Mo gbé báírò lé e.

Ó wo ojú ewé náà. Ó ní, "Bí mo bá dé, màá sọ fún ẹ."

Mo ní ṣé ó wà nínú ojú ewé tó ya? Ó ní bóyá. Mo ní Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀la lẹ ń lọ. Ó ní òun mọ̀. Mo bínú. Mo kó ìwé mi, mo wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ẹ̀yìn sí i tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ń sọ nípa àpò rẹ̀, pé kí n bá òun rán okùn rẹ̀.

Mo rán an. Mo gbé e síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo padà wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ti lọ. Mọ́tò kún. Ọ̀nà Mámfè tó já sí ẹnu ibodè ni wọ́n gbà, wọ́n ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń gbé tírélà mì lásìkò òjò.

Màmá ò sunkún. Ó ń to oúnjẹ sínú àpò rẹ̀ títí àpò ò fi ṣeé dì. Baba gbàdúrà fún un, ọwọ́ rẹ̀ lórí orí rẹ̀, ó pẹ́ lórí àdúrà ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Àlàájì jókòó síwájú, kò wẹ̀yìn.

Atukọ̀ yọ ọwọ́ lójú fèrèsé mọ́tò. Ó na ìka mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kan náà mo ti na mẹ́ta, láìrò ó.

Ó bára mu. Lábẹ́ òfin kejì, ewu mú wa.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọjà kún, nítorí ọjọ́ méjì ni gbogbo ìlú fi ń ra ti ọjọ́ méje. Àwo tánganran méjì já bọ́ lọ́wọ́ mi. Baba wo àwo, ó wò mí.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

A gbìyànjú rẹ̀. Èmi ni mo jókòó sáyè Atukọ̀, ìwé òfin níwájú mi. Ojú ewé mọ́kànlélógún, ìlà rẹ̀ gún.

Kò ṣiṣẹ́.

Mo kà, mo wo ojú ewé, mo tún kà. Rita ní, "Nùsí, you di read am. You no di talk am." Ìbéèrè ní, "Àǹtí Nùsí, ṣé òkúta yẹn á dúró dè yín kí ẹ rí ojú ewé rẹ̀?"

Ewu mú Rita lẹ́ẹ̀mejì. Ìrántí rẹ̀ tán. Èyí tó sọ kẹ́yìn: òórùn aṣọ bàbá rẹ̀ nígbà tó máa ń ti ilé iṣẹ́ ọtí dé láti Bassa, kí ilé iṣẹ́ tó dá wọn dúró — òórùn ọkà bíbu, ó ní, ó dà bíi búrẹ́dì tó ń ronú àtidi ọtí. A rẹ́rìn-ín. Ó fagi lé e. Ó wá rí i pé òun ti fagi lé e. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ti Ìbéèrè náà tán. Tèmi ku ẹyọ kan.

Mi ò ní sọ ọ́ fún tábìlì, ìwé yìí nìkan ni mo lè kọ ọ́ sí, kò sí nínú òfin pé n kò gbọ́dọ̀: ọ̀sán kan tí òjò ṣú, mo kéré, bóyá ọmọ ọdún márùn-ún. Àtùpà tuntun dé sí ìsọ̀. Baba ní ká dán gbogbo rẹ̀ wò. Òun ń ṣáná, Atukọ̀ ń gbé e, èmi ń kà. Ọgọ́rin ó lé mẹ́ta. Gbogbo ìsọ̀ di ìràwọ̀. Baba dúró láàárín rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́. Atukọ̀ ní, "Wò ó, Nùsí, a ti wà lókè."

Mo ti rí i báyìí. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé Faransé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Màmá bu oúnjẹ fún ẹni márùn-ún. Ó tún dá ìkan padà sínú ìkòkò. "Fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ yìí," ló ní fún mi, "kí ló ń ṣe ọwọ́ rẹ?" Mo ní kò sí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọgbọ̀n

Kò sí ìròyìn. Ẹnì kan ní ọjà ní tírélà mẹ́fà sùn sínú ẹrẹ̀ Mámfè fún ọjọ́ mẹ́jọ. Baba ní kò sí nǹkan. Ó ti ń kí ìrun pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ

Ojú ewé mọ́kànlélógún ṣì ṣófo. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sórí bébà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kíní: ẹni tí ìrántí rẹ̀ kò bá tán ló ń délé. Ìyẹn ni pé Rita ò ní dé, Ìbéèrè ò ní dé, nítorí pé wọ́n gbà wá là nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ jó. Ìwà ìkà ni. Ẹ̀ẹ̀kejì: ká fi ìka pinnu. Ẹ ò rí i? Ọdún mẹ́rin, kó wá parí sórí ìka. Ẹ̀ẹ̀kẹta ò tó kọ.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Àlàájì dé!

A wà ní ìsọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Mo fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀. Ó dúró lórí mi. Ó ní, "Ẹ sọ fún olùṣirò pé òkúta ti dé, ó sì dé láyọ̀."

Gbogbo ọjà ló wo bí Àlàájì Ọlárìndé ṣe ń fi ẹ̀rín gbọn fìlà rẹ̀. Atukọ̀ ti sọ eré náà fún un lójú ọ̀nà. Ọjọ́ márùn-ún nínú ẹrẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ó ní òun ti dé Yassa Òkè. Ó ní ewu mú òun lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣàánú àgbà.

Ó mú kásẹ́ẹ̀tì jáde lápò. Èyí tí Atukọ̀ mú lọ, ó ti gba ohùn sí i lójú méjèèjì.

A fi bátìrì ìsọ̀ sínú rédíò nílé. Gbogbo wa. Rita náà wá.

Ó kí Baba, ó kí Màmá, ó pẹ́ lórí ìkíni. Ó ní wọ́n ń pe òun ní Kamẹrúùnù. Ó ní òun sọ mẹrisí dípò ẹ ṣé fún ìyá arúgbó kan tó fún òun lómi, gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lòun fi ń sọ fún wọn ẹni tí òun jẹ́: ọmọ Mùhúdíìnì, ọmọ tó wà ní Douala. Òun ń ka orúkọ, òun ń ka gbogbo ohun tí Baba ti sọ fún wa nípa ilé. Wọ́n á ní áà, ẹ kú àbọ̀. Àmọ́ bí ẹni tó ń kí àlejò ni.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀gbọ́n Baba obìnrin, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Atukọ̀ fẹ́ jókòó tì í. Kó tó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá náà ní, "Mùhúdíìnì, ta ló ń dẹ́rù bà ọ́? Kò sí ejò níbẹ̀. Jókòó." Ó wá ń sọ fún gbogbo èèyàn bí Baba ṣe máa ń gbá ilẹ̀ kó tó jókòó láti ìgbà tí ejò ti wọ abẹ́ àga rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò pe Atukọ̀ ní Kamẹrúùnù mọ́.

A wo Baba. Baba wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Atukọ̀ náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní òpin kásẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Nùsí. Òfin ìkẹyìn, mi ò ní in. Irọ́ ni mo ń pa fún yín. Ojú ewé yẹn ti ya kí n tó ra ìwé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń délé. Ìwọ ni kó o kọ ọ́."

Ajé, ọjọ́ kejìlá

Mi ò sùn. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí ojú ewé mọ́kànlélógún. Ìlà mẹ́ta péré:

Kò sí ẹni tó ń fi ìrántí ara rẹ̀ délé. Bí ẹlòmíràn nídìí tábìlì bá sọ ohun tó rí nípa rẹ, tí ìwọ kò kọ sílẹ̀, tí ìwọ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí, o ti délé. Ìbáà jẹ́ pé ìrántí tìrẹ ti tán.

Ville morte. Ìsọ̀ mọ́kànlá, àgádágodo mọ́kànlá. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ a jókòó sídìí tábìlì. Baba wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń tún ẹnu àtùpà kan ṣe. Mo ti ìwé pa. Mo sọ ọ́ láìkà á: Yassa Òkè ti wà lẹ́yìn wa, ilẹ̀ ti ń yọ nísàlẹ̀, odò Wouri wà nínú rẹ̀ bí okùn tó já. Rita na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ rí i.

Mo ka òfin ìkẹyìn fún wọn.

Rita kọ́kọ́ sọ ti Ìbéèrè: pé bí ó bá rò pé kò sí ẹni níta, ó máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ewúrẹ́ kó tó kọjá lára wọn. Ìbéèrè pariwo pé irọ́ ni, ojú sì tì í. Ó ti délé. Òun náà sọ ti Rita: pé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń jókòó sílé, Rita máa ń kan ilẹ̀kùn ilé wọn kó tó wọlé, kó má bàa bá a níbi tó ti ń sunkún. Rita bojú. Ó ti délé.

"Àǹtí Nùsí ń kọ́?" ni Ìbéèrè wí. "Òun náà wà nínú ọkọ̀."

Mo ní èmi ni mò ń sọ ìtàn, kò kàn mí. Ó ní kò sí nínú òfin. Òótọ́ ni, kò sí.

Rita ronú. Ìbéèrè ronú. Ó ní, "Ẹ máa ń... ẹ máa ń dákẹ́."

Mo ní mo ti kọ ìyẹn. Ìrántí kẹta.

Wọ́n tún ronú. Mo gbọ́ tí ajá kan ń họ ara lóde. Ẹni tó bá ń wo gbogbo èèyàn, ta ni yóò wò ó? Mo ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n fi mí sínú ọkọ̀.

Baba ní, "Èmi rí nǹkan kan."

Kò gbójú kúrò lára àtùpà. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí Ọlárìndé ti bínú, ọmọ yìí kì í na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tán mọ́. Bó bá fẹ́ gba nǹkan, á ká àtàǹpàkò mọ́nú. Ìka mẹ́rin ló fi ń gba nǹkan. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa fọ́ àwo."

Mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì. Àtàǹpàkò mi wà nínú àtẹ́lẹwọ́, ó fara pamọ́ síbẹ̀ bí ọmọ tó jí nǹkan jẹ. Mi ò mọ̀. Mo bura, mi ò mọ̀.

Baba dìde. Ó wá sídìí tábìlì. Ó ní òun ti bá Àlàájì sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò Aminullah kí òṣùpá Iléyá tó lé, Aminullah fúnra rẹ̀ ti mọ̀, òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí a má tíì sọ fún wa, kó má bàa ba eré jẹ́. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló lé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó yẹ kí òun ti sọ ọ́. Ó rò pé mo mọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí mi ò kì í mọ̀.

Ìbéèrè ní, "Baba ò sí nínú eré. Ṣé ó kà?"

Rita ní, "E dey for table."

Baba gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sáyè Atukọ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, bí òfin kẹta ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á fún un rí. Ìka márùn-ún. Mo gbé tèmi lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fa àtàǹpàkò jáde. Ó ro mí díẹ̀.

Márùn-ún, márùn-ún. Ó bára mu. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní ewu.

A sọ̀kalẹ̀.

Mo kírun ọ̀sán. Mo dùbúlẹ̀ ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.